Oko n Bo ni Furaide

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó tètè hú u tán. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí kí ẹnu mi lè fúyẹ́. Kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn gbólóhùn mẹ́ta péré ni, tí wọ́n wọ inú fóònù aránṣọ kan lọ́sàn-án Túsìdé, tí wọ́n sì sọ àgbàlagbà mẹ́ta di ẹni tí kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn títí di Fúráìdé. Tí ẹ bá mọ̀wé kà, ẹ má tíì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwé tí wọ́n mọ̀ ọ́n kà gan-an ló kó bá wọn.

Aránṣọ tí mo ń wí yìí, obìnrin bí ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tó lọ sí etí òkun. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, yàrá àárín ló ń sùn sí, yàrá ẹ̀yìn ni àpótí ọkọ rẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ ibẹ̀. Alásè nínú ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ náà. Ó bá ọkọ̀ lọ lọ́dún méje sẹ́yìn. Lọ́dún kìíní, ó ń pè. Lọ́dún kejì, ó ń kí i nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, a ò gbọ́ gbúrù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi aránṣọ pé, "Ọkọ ńkọ́?" yóò ní, "Ó ń bọ̀," láìgbé ojú kúrò lára máṣíìnì, bí ẹni tí wọ́n bi ní iye tí aago lù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló fà á wọ iṣẹ́ ìjàpá òkun. Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n yìí, ó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ rí ìjàpá òkun tó wọ́ ara rẹ̀ jáde nínú omi, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ó ń fi ẹsẹ̀ wa yanrìn, ó ní òun ò lè máa wo aboyún tó ń bímọ láìsí agbẹ̀bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin péré ni wọ́n: agbẹ̀bí, aránṣọ, onígbàjámọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àti bàbá arúgbó kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ rí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onísítáǹpù.

Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó mú, ẹnì kan nínú wọn á rin etí òkun láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ipa ẹsẹ̀ ìyá ìjàpá ni wọ́n ń wá, èyí tí ó máa ń dà bí ẹni pé táyà ńlá kan ló yí jáde láti inú omi, tí ó sì ṣẹ́rí padà. Ibi tí ipa náà bá ti ṣẹ́rí, ibẹ̀ ni ẹyin wà. Wọn á ri ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, wọn á so àjákù aṣọ mọ́ ọn, wọn á kọ nọ́ńbà àti ìwọ̀n ibẹ̀ láti òpó iná sínú ìwé, wọn á sì máa ka ọjọ́. Tó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọjọ́, àwọn ọmọ á hú jáde, wọn á forí lé omi. Iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ajá ń wú ẹyin yẹn, akàn ń wọ́ ọ, àwọn ọmọ aráyé ń jí i wú, àwọn ìjàpá òkun sì ti ń tán lọ.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ọkùnrin tó ń fi àga háyà fáwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun ní katakata kan tí wọ́n fi ń tẹ́ yanrìn náà pẹrẹsẹ. Ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ló máa ń wá. Agbẹ̀bí nìkan ni ọkùnrin yìí máa ń fi tó létí ṣáájú, àwọn ẹgbẹ́ á sì so aṣọ pupa gàdàgbà mọ́ orí gbogbo ọ̀pá. Tí awakọ̀ bá ti rí pupa, á yà bàrá.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí wàhálà ti wọlé. Nígbà kan, onígbàjámọ̀ ń gẹ irun fún oníbàárà, ó la ẹnu, ó sọ ibi tí ẹyin tuntun wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ihò ti ṣófo. Agbẹ̀bí bínú débi pé ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ fi ẹnu pe "ẹyin" mọ́. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ náà, ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n fi sọ nǹkan lórúkọ. Ẹyin di bọ́tìnnì. Ihò ẹyin di ojú bọ́tìnnì. Ìyá ìjàpá di kọ́sítọ́mà. Katakata tó ń tẹ́ yanrìn di áyọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá ṣèèṣì pe ẹyin, yóò gbá ṣọ́ọ̀bù fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Onígbàjámọ̀ gbálẹ̀ títí ìgbálẹ̀ fi jẹ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára débi pé aránṣọ wọ ilé ìtajà lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n bá òun di bọ́tìnnì mẹ́fà, òun fẹ́ dín in. Ẹni tó ń tajà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà."

Lọ́dún tó kọjá, ojú bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ ìtọ́jú aránṣọ. Ó lọ fi aṣọ jíṣẹ́ fún oníbàárà, ó ní òun á gbé ẹyin náà gòkè tí òun bá dé. Omi ò dúró dè é. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi jẹun dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí ó rí ojú bọ́tìnnì keje ti ọdún yìí fúnra rẹ̀, tí ó bá kọ́sítọ́mà lórí ìkúnlẹ̀, tí ó sì ka bọ́tìnnì méjìléláàádọ́fà bí wọ́n ti ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó búra pé èyí, bó ti ṣe ojú òun báyìí, kò ní ṣòfò. Keje yìí nìkan ló kù tí kò tíì hú.

Ọjọ́ márùndínlọ́gọ́ta ni ó ti lò nínú yanrìn nígbà tí agbẹ̀bí gbéra ní Mọ́ńdè, ó lọ sí ọsibítù ńlá kan kí wọ́n lè bá a ṣí àwọ̀ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ méje lòun á lò. Ó dágbére fún aránṣọ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìwọ yìí, keje wà lọ́wọ́ rẹ o."

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kódà tí òkun bá ní òun ń bọ̀, èmi ni yóò bá níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ ń gbá etí ṣòkòtò iléèwé nígbà tí fóònù rẹ̀ ró gbìn. Láti orí fóònù Àǹtí ni. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́:

Oko n bo ni Furaide. E toju eyin o. E ma je ko te o.

Ẹsẹ̀ aránṣọ kúrò lórí máṣíìnì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkọ ń bọ̀ ní Fúráìdé. Ẹ tọ́jú ẹ̀yìn o. Ẹ má jẹ́ kó tẹ́ o. Ó yé e kedere. Àǹtí ti gbúròó àbúrò rẹ̀ nílùú tí ó wà. Ọkọ ń bọ̀. Kí wọ́n tọ́jú yàrá ẹ̀yìn. Kí wọ́n má jẹ́ kí ọkùnrin náà tẹ́ lójú àdúgbò lẹ́yìn ọdún méje.

Ṣùgbọ́n bí ó ti yé e tó, bẹ́ẹ̀ náà ni kò yé e. Kí ló dé tí Àǹtí kò sọ pé "ọkọ rẹ"? Kí ló sì dé tí ó ń fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀, òun ìyàwó ilé, òun tí orúkọ òun lẹ́nu Àǹtí kò ju "ìwọ yìí" lọ? Ó pè é. Wọ́n ti pa fóònù náà. Ó tún pè. Òkú ni. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Inú rẹ̀ ń dùn, inú ń bí i, kò sì mọ èyí tó wá ṣáájú. Níkẹyìn, ó ju gèlè sórí, ó di ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀.

Onígbàjámọ̀ jókòó sórí àga àwọn oníbàárà rẹ̀, ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Eyín kan ti ń jẹ ẹ́ níyà láti ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì ti wú bí ẹni tó ki bọ́ọ̀lù sẹ́nu.

"Bá mi ka èyí," ni aránṣọ wí.

Ó gba fóònù, ó kà á, ojú rẹ̀ sì tàn. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ọlọ́run ò ní gbàgbé màmá yìí. Wọ́n rí i pé eyín ń pa mí kí wọ́n tó lọ. Ọkọ̀ ń bọ̀ ní Fúráìdé. Ọkọ̀ dókítà eléyín nìyẹn, èyí tó máa ń yí ká. Ẹ tọ́jú eyín o. Ẹ má jẹ́ kó tẹ́ o. Kí eyín má bàa dójú tini!"

"Eyín wo? Fóònù mi ni ó wá sí, kì í ṣe fóònù tìrẹ."

"Ṣé èmi ní fóònù ni? Ṣé kì í ṣe inú omi tí mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ló kó sí?"

"Ọkọ mi ni wọ́n ń sọ!"

Onígbàjámọ̀ gbàgbé eyín rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, eyín sì rán an létí. "Yéè! Aránṣọ wa, ṣé ọkọ tó ti lọ láti ìgbà tí orí mi ṣì ní irun?"

Bàbá Onísítáǹpù ló bá wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà, tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kí i, wọ́n sì na fóònù sí i. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún fà á mọ́ra.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ka lẹ́tà àwọn ènìyàn."

"Bàbá, ẹ ń ka lẹ́tà ènìyàn?" ni onígbàjámọ̀ wí.

"Àdírẹ́sì ni mo ní lọ́kàn. Dákẹ́. Kí ni ẹgbẹ́ yìí ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti inú oṣù kejì? Ọkọ́! Ọkọ́ tí a ó fi máa gbẹ́ ilẹ̀ tí omi bá fẹ́ dé ojú bọ́tìnnì. Ọkọ́ ń bọ̀ ní Fúráìdé. Ẹ tọ́jú ẹ̀yìn o, ẹ̀yìn ilé mi tí a ó kó wọn sí. Ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ o. Ẹnu ọkọ́ tó bá tẹ̀, kí ni a ó fi ṣe?" Ó dá fóònù padà bí ẹni tó lu òǹtẹ̀ sórí ìwé.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti ń ka tirẹ̀, ó ń bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Aránṣọ di orí mú. Nígbà tó yá, onígbàjámọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbí... eyin yẹn... àbí bọ́tìnnì ni?"

Bàbá Onísítáǹpù gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Agbẹ̀bí tó fi òfin yẹn lélẹ̀ fúnra rẹ̀? Kó wá kọ ọ́ sínú fóònù gbangba gbàǹgbà? Ṣé ó ti wù ú láti gbálẹ̀ ni?"

"Òótọ́ ni, sà," ni aránṣọ wí. "Bọ́tìnnì ni wọn ì bá pè é."

Ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ wò ó bí wọ́n ti ṣe dé ẹnu ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tì í padà.

Ní Wẹ́sìdé, aránṣọ ra ẹfun ìkunlé, ó kun yàrá ẹ̀yìn títí ó fi ń tàn yanran. Ní Tọ́sìdé, ó ṣí àpótí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wà níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rán ní ọdún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Ó dúró níwájú rẹ̀ lórí okùn, ó ní, "Kí ni kí n sọ fún ọ ná? Ẹ káàbọ̀? Àbí kí n bi ọ́ pé ta ni ọ́?" Ṣẹ́ẹ̀tì ń mi apá lójú afẹ́fẹ́.

Fúráìdé dé. Òun ni ó kàn láti rin etí òkun, ó sì rìn ín kíá kíá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ó dé ìdí keje, ó dúró ṣinṣin. Yanrìn ibẹ̀ ti jìn díẹ̀ láàárín, bí ìrọ̀rí tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí kúrò lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: tí yanrìn bá ti jìn báyẹn, àwọn ọmọ ti fọ́ èèpo nísàlẹ̀, wọ́n ti ń gun ara wọn bọ̀ lókè. Ó lè jẹ́ lónìí, ó lè jẹ́ lọ́la. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọkàn kan ní kó jókòó. Ọkàn kejì ní tí ọkọ bá dé, tó kan ilẹ̀kùn, tí kò bá ẹnikẹ́ni ńkọ́? Aránṣọ kọjú sí òkun, ó kọjú sílé, ó tún kọjú sí òkun. Kò sí ẹni tí ó lè rán. Onígbàjámọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níwájú ilé ìwòsàn láti òwúrọ̀, ó ń ṣọ́ ọkọ̀ dókítà eléyín. Bàbá Onísítáǹpù ti gbé àga lọ sí ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù, ó ń retí ọkọ́. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ fún yanrìn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wákàtí méjì péré. Ẹ̀ ń gbọ́? Wákàtí méjì." Ó lọ.

Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, ó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ó ń lọ̀ ọ́. Ó lọ kọ́là, ó lọ apá, etí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun kan ń dún lókèèrè, gùrùgùrùgùrù, ó rò pé ọkọ̀ akólẹ̀ ni. Ó yí ojú sí fèrèsé láti wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Áyọ́ọ̀nù gun orí bọ́tìnnì àyà. Bọ́tìnnì náà ké pá, ó sì là sí méjì bí èèpo ẹyin.

Aránṣọ wo ohun tí ó ṣe. Ó gbé ọwọ́ léra. Ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ, "Áyọ́ọ̀nù ti tẹ bọ́tìnnì."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Áyọ́ọ̀nù. Bọ́tìnnì. Tẹ̀. Ó fa fóònù yọ. Ọkọ̀ ń bọ̀ ní Fúráìdé. Ẹ tọ́jú ẹyin o. Ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ o. Gùrùgùrùgùrù tó ń dún yẹn kì í ṣe ọkọ̀ akólẹ̀.

Ó sáré. Kò wọ bàtà, kò ti ilẹ̀kùn, ó ṣáà fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, àánú Ọlọ́run ni ìyẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ó dé etí òkun, katakata ti tẹ́ ìdajì ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ bí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti ṣẹ́rí, ó ń bọ̀. Kò sí ọ̀pá kankan mọ́. Ó ti gbá gbogbo wọn lọ. Aránṣọ já sí iwájú rẹ̀, ó ń ju ṣẹ́ẹ̀tì sókè.

Awakọ̀ tẹ bíréèkì. "Ìyá! Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Bọ́tìnnì!"

"Kí ni?"

"Bọ́tìnnì! Bọ́tìnnì méjìléláàádọ́fà! Áyọ́ọ̀nù yín ti fẹ́ tẹ̀ wọ́n pa!"

Awakọ̀ wo ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà, ó sì wo àwọn méjì tó wá gbafẹ́, tí wọ́n jókòó sórí àga lọ́nà jíjìn. Ó ké sí wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ọkọ ìyá yìí? Ẹ bá mi pè é kó wá mú un lọ sílé!"

"Má pe ọkọ kankan fún mi!" Aránṣọ la ẹnu, ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ kò jáde. Ọdún méjì gbáko ni ahọ́n rẹ̀ kò ti pè é. Ó tún la ẹnu. "Ẹ... ẹ... ẸYIN! Ẹyin ni! Ẹyin ìjàpá òkun!"

Awakọ̀ pa iná ọkọ̀. "Ẹyin? Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀? Ọ̀gá ní kí n wo aṣọ pupa. Mi ò rí pupa, mo bá ń ṣiṣẹ́ lọ. Níbo ni ẹyin náà wà?"

Ìbéèrè yẹn ló wá dá a lágara. Níbo? Gbogbo yanrìn ti di ọ̀kan náà. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ìgbà tí téèpù fi ìdí gbá a láyà ló rántí ìwé: láti òpó iná kẹta, téèpù méjìlá, kí o yà sí apá omi, téèpù mẹ́ta. Awakọ̀ bá a di orí kan mú. Wọ́n wọ̀n ọ́n láti òpó, wọ́n ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé. Ìgbà tí téèpù kẹta parí, orí rẹ̀ bọ́ sí etí ipa táyà. Ìdajì ojú bọ́tìnnì wà nínú ipa, ìdajì wà ní ìta.

"Ṣé mo ti tẹ̀ wọ́n?" ni awakọ̀ béèrè.

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé kí a wú u wò?"

"A kì í wú u. Tí a bá wú u lásìkò yìí, a lè pa èyí tí kò kú."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Mi ò mọ̀, àbúrò mi. Mi ò mọ nǹkan kan mọ́."

Wọ́n jókòó. Awakọ̀ fi katakata rẹ̀ dínà kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, onígbàjámọ̀ dé tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, Bàbá Onísítáǹpù dé tòun ti àga. Dókítà eléyín ò wá, ọkọ́ ò wá. Aránṣọ fi ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ fọ́ hàn wọ́n, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá wò ó pẹ́. Ó ní, "Hùn ún." Ó sì ṣí fìlà. Onígbàjámọ̀ ní, "Mo sọ ọ́! Ṣé mi ò sọ ọ́?" Àwọn méjèèjì ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ó di nǹkan bí aago márùn-ún, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ kan rọ̀, kò sì pẹ́ tó fi dá. Yanrìn tutù. Aránṣọ ló kọ́kọ́ rí i. Yanrìn mi. Ó dúró. Ó tún mi. Orí dúdú kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ yọ, ó wo ayé, ó sinmi. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ibẹ̀ hó bí omi orí iná. Wọ́n ń tú jáde, wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ pẹlẹbẹ wa ilẹ̀, wọ́n kọjá lábẹ́ katakata, wọ́n forí lé omi. Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó lè rí wọn dáadáa. Aránṣọ ń kà wọ́n lẹ́nu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí òjò tó kù lórí.

Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn wọ omi, ó ní, "Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún."

Onígbàjámọ̀ ní, "Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."

Bàbá Onísítáǹpù ní, "Ọ̀kanlélọ́gọ́rùn-ún. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Nígbà tí wọ́n wú ihò náà ní ọjọ́ kẹta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n bá mọ́kànlá tí táyà tẹ̀. Bàbá ló kà á pé. Aránṣọ di mọ́kànlá náà sínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, ó sì sin wọ́n sókè, níbi tí omi kì í dé.

Ní Mọ́ńdè, agbẹ̀bí dé, wọ́n fi nǹkan bo ojú rẹ̀ kan. Wọ́n to ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó tẹ́tí títí wọ́n fi parí.

"Ọlọ́run ń gbọ́," ni ó wí, "ọ̀gá tó ń fi àga háyà yẹn pè mí nígbà tí wọ́n ti kán oògùn sí mi lójú. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ ní Sátidé, katakata ò ní lè dúró di Mọ́ńdè. N kò ríran. Nọ́ọ̀sì ni mo bẹ̀ kó bá mi tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gba fóònù lọ́wọ́ mi, kí wọ́n pa á. Ṣé kí n wá sọ fún nọ́ọ̀sì pé áyọ́ọ̀nù ń bọ̀ wá tẹ bọ́tìnnì ni? Wọn ò ní kàn ṣe ojú mi mọ́, orí ni wọn á tún là! Mo ní kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe yé gbogbo ayé."

"Àǹtí, nọ́ọ̀sì kò fi àmì kankan sí i."

"Èmi tí mi ò ríran, báwo ni n ó ṣe mọ̀? Nígbà tí mo tilẹ̀ pe ẹyin, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹyinjú mi á yá." Ó yí ojú kan tó kù sí aránṣọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìwọ yìí. Ọkọ ni o kà á sí?"

Aránṣọ ń fi èékánná ha ẹfun tó gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Yàrá ẹ̀yìn ti funfun, Àǹtí. Ẹ lọ sùn síbẹ̀ títí ojú yín á fi jinná. Nǹkan kan ṣáà gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ jáde."

Agbẹ̀bí sùn síbẹ̀ fún oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó ní, "Ọkọ ńkọ́?" kì í sọ pé ó ń bọ̀ mọ́. Yóò gbé ojú kúrò lára máṣíìnì, yóò ní, "Ẹ kọ́kọ́ fi àmì sí i ná, kí n mọ èyí tí ẹ ń bi mí."

Onígbàjámọ̀ yẹn ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo lọ gẹ irun. Ó fi ìlàjì orí mi sílẹ̀ láìgẹ̀ títí ìtàn fi parí, ó sì fi àlàfo ibi tí eyín rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ hàn mí kí n lè gbà á gbọ́.